Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Iṣẹ́ Wa Ni Ẹlẹ́rìí Wa

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: kọ̀ǹpútà, ètò kọ̀ǹpútà, oníbàárà, àkójọ iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rán aṣọ, ẹ ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ ó wo àwọn aṣọ tó ti rán, tó fi kọ́ sára ògiri. Bí wọ́n bá gún régé, ẹ ó gbé aṣọ tiyín fún un. Ẹ kò ní bi í pé, "Ṣé o mọ aṣọ rán?" Aṣọ ara ògiri ti dáhùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a kò lè fi kọ́ sára ògiri. Òun ni ètò kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tó yára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá nǹkan ṣe. Ènìyàn ni yóò kọ ohun tí yóò ṣe sílẹ̀ fún un, lẹ́sẹẹsẹ. Àkọsílẹ̀ yìí ni à ń pè ní ètò. Ọwọ́ kò lè bà á. Báwo wáá ni ẹni tó ń ta ètò yóò ṣe fi hàn pé òun mọṣẹ́? Yóò kọ àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni àkójọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn obìnrin kan tó ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú Òyìnbó.

Obìnrin tí wọn kò fèsì lẹ́tà rẹ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Stephanie Shirley. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1933. Júù ni bàbá rẹ̀, ìjọba Hitler sì ń pọ́n àwọn Júù lójú. Ní 1939, àwọn òbí rẹ̀ fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn ọmọdé sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà náà.

Ó dàgbà, ó kọ́ ìṣirò, ó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1962, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Pọ́ùn 6 péré ni owó tó fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti bímọ. Irú wọn ni Arábìnrin Shirley gbà síṣẹ́, kí wọ́n máa ṣe é nínú ilé wọn. Ó máa ń bi wọ́n bóyá tẹlifóònù wà nítòsí wọn.

Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá láti wá iṣẹ́. Wọn kò fèsì. Ọkọ rẹ̀ wá gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi "Steve", orúkọ ọkùnrin, buwọ́ lu lẹ́tà. Bí èsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nìyẹn!

Orúkọ lè ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n orúkọ kò lè ṣiṣẹ́. Kí ni àwọn obìnrin náà ṣe? Wọ́n kọ ètò tó ń to ìrìn àwọn ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Wọ́n kọ ìlànà bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ètò kíkọ, tí NATO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dáàbò bo ara wọn, gbà lò nígbà tó yá. Wọ́n kọ ètò fún àpótí inú Concorde, ọkọ̀ òfurufú tó ń sáré ju ìró lọ. Àpótí yìí ló ń ṣàkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń fò. Ta ló lè rò pé inú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, 297 jẹ́ obìnrin. Arábìnrin Shirley kú ní 2025, ní ẹni ọdún 91.

Bí a ṣe ń yẹ àkójọ iṣẹ́ wò

Lónìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín lè fẹ́ ètò tí yóò máa ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan lè fi àkójọ iṣẹ́ tó dára hàn yín. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ bi í ní ohun mẹ́rin:

1. Ta lo ṣe é fún? Ṣé a lè bá a sọ̀rọ̀?
2. Kí ló ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀, kí ló sì yí padà?
3. Apá wo lo ṣe níbẹ̀? Ẹni tó bá wọn gbé ẹsẹ̀ erin kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun nìkan ló pa erin.
4. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Bó bá bàjẹ́, ta ní ń tún un ṣe?

Bó bá ń fi orúkọ àti owó àwọn oníbàárà rẹ̀ hàn yín, ẹ ṣọ́ra. Bó ṣe tú àṣírí wọn ni yóò tú tiyín.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀, ẹ má lé e. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan, kí ẹ wò ó. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìbéèrè

1. Èló ni Arábìnrin Shirley fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?
2. Kí ló dé tó fi ń buwọ́ lu lẹ́tà pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin?
3. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀yin náà ti ṣe sínú ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.