Ọmọ Mi, Má Fi Ìtìjú Ba Ìbàdí Tuntun Jẹ́

Ìwọ tí fòníkú-fọ̀ládìde sọ di ẹni tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nílùú òyìnbó, àgbàlagbà tí oríkèé rẹ̀ ti gbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ́ kì í wọ́n níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ládìde, a máa dínà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí egungun itan, egungun náà á kú, á sì wó. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti máa tẹ ọ̀pá níwájú bàbá tí kì í tẹ̀ ẹ́. Ìtìjú yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣẹ́gun.

1. Bí wọ́n bá ní kí o dìde rìn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, dìde. Wọn kì í ṣe ìkà. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ lè dì nínú ẹsẹ̀, kó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ẹ̀jẹ̀ SS. Máa mu omi dáadáa.

2. Ọ̀rọ̀ ìkíni ló le jù. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ní kí o má tẹ̀ ba débi tí orúnkún á fi ga ju ìbàdí lọ fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí o má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí o má sì yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọnú, kí oríkèé tuntun má baà yẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ di ọjọ́ iwájú nìyẹn, pẹ̀lú àpótí ìdáná, ṣáláńgá àti àga tó rì wọlẹ̀. Bí o bá dé ibi ìnáwó, dúró, tẹ orí ba díẹ̀, kí o sọ pé, "Ẹ kú ìnáwó o, mà. Ẹ má bínú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìbàdí ni." Àgbà tó gbọ́n á ṣàdúrà fún ọ. Èyí tó bá bínú, jẹ́ kó máa bínú. Kì í ṣe òun ló máa padà sí tíátà. Bí o bá jẹ́ mùsùlùmí, jókòó sórí àga kí o kírun, ẹ̀sìn gbà fún aláìsàn.

3. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kí o fi di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà dì í mú, tí wọ́n á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí o bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ni kó ṣáájú. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni. Má ju ọ̀pá sílẹ̀ nítorí aṣọ ẹbí. Bí o bá ṣì ń tiro, kò tíì tó àkókò.

4. Ọ̀kadà: rárá, àfi tí dókítà bá gbà. Nínú mọ́tò, fi ìdí wọlé ṣáájú, kí o tó kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Iwájú dánfó ni kí o tọrọ. Jẹ́ kí kọ́ńdọ́ máa pariwo.

5. Ẹ̀rù ìṣubú kò gbọ́ àlàyé, ìrìn ló ń lé e. Rìn dé ẹnu géètì, lọ́jọ́ mìíràn dé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ́nà, nígbà tó bá yá dé ọjà ní àárọ̀ tí kò tíì kún. Kí ẹnì kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n kó má dì ọ́ mú. Nílé, ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, kí o sì bẹ̀rù ilẹ̀ balùwẹ̀ ju títì lọ.

6. Àǹtí rẹ kan á fẹ́ mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, kó bá ọ fa ẹsẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, má lọ. Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má fi àgbo kún un. Bí ara bá gbóná tàbí ojú ọgbẹ́ ń ṣomi, má fi oògùn ibà dán an wò. Ọsibítù ni kí o sá lọ, bẹ́ẹ̀ náà bí iṣan ẹsẹ̀ bá wú tàbí àyà ń dùn ọ́.

7. Irin àti ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìbàdí tuntun, ó sì máa ń gbó. Ọ̀pọ̀ ń lò ó ju ọdún 15 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ń rìn ju arúgbó lọ, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe fún ọ lọ́jọ́ kan. Torí náà, máa lọ ya fọ́tò X-ray rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá fún ọ, kódà bí kò bá dùn ọ́ rárá.