Igi Gánganran Má Gùn Mí Lójú

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò máa lò ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ojú kò tíì là dáadáa, la máa ń ṣe àwọn ìpinnu tó ń gúnni lójú jù nínú iṣẹ́ náà. N kò ní ká jókòó ti gbogbo nǹkan fún oṣù mẹ́fà ká tó tẹ lẹ́tà kan. Ká ṣa àwọn ìpinnu sọ́tọ̀ ni mo wí. Èyí tí a lè yí padà lọ́la, ká ṣe é kíákíá ká máa lọ. Èyí tí yíyí rẹ̀ padà yóò dà bí ìgbà tí a ń wú ìpìlẹ̀ ilé nígbà tí onílé ṣì ń sùn nínú rẹ̀, òun ni ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ wo àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nígbà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Vint Cerf àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, bíìtì 32 ni wọ́n fún un, ìyẹn àdírẹ́sì 4,294,967,296. Ojú àdánwò ni wọ́n fi wò ó, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni nílò nígbà náà. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2011, èyí tó kù níbi tí wọ́n ti ń pín in fún gbogbo ayé ti tán. Ìlànà oníbíìtì 128 ti jáde láti 1995, síbẹ̀ ti àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ fóònù sì ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ọlọ́gbọ́n làwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ti wọ inú gbogbo ẹ̀rọ ayé, ta ni yóò yọ ọ́?

Ká gbé e wálé. Ká ní àwọn mẹ́ta kan fẹ́ kọ áàpù fún àwọn tó ń dá àjọ. Wọn á fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn lórí èdè tí wọn yóò fi kọ ọ́ àti àwọ̀ tí ojú rẹ̀ yóò ní (àwọ̀ o!). Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á ní, “Nọ́ńbà fóònù ni ká fi dá oníkálukú mọ̀,” àwọn yòókù á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ parí. Igi gánganran gan-an nìyẹn. Ní Nàìjíríà, bí èèyàn bá pa síìmù tì pẹ́, iléeṣẹ́ tó ni ín lè gbà á padà kó sì tún un tà fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà ìyá ọlọ́jà kan bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò, owó ọdún kan ti di ti olówó méjì. Ká ní wọ́n ti fún oníkálukú ní àmì ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, tí nọ́ńbà fóònù wá jẹ́ ohun tí a lè pààrọ̀, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni ìbá jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Ètò tó ń pa iye àná rẹ́ kó tó kọ tòní kò ní ẹ̀rí kankan nígbà tí ìjà bá dé. Alájọ ayé àtijọ́ mọ èyí: ó ń fa ilà kọ̀ọ̀kan sínú káàdì, kì í pa á rẹ́.

Báwo la ṣe wá ń yẹ̀ ẹ́ wò? Àríyànjiyàn kò tó. Ká fi iye bi ara wa ní ìbéèrè. Bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ ìkówó ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báńkì ti yọ owó ńkọ́? Ká kọ ètò kékeré tí a máa jù nù, ká da orúkọ àti owó ayédèrú sínú rẹ̀, ká wo ibi tí yóò ti fọ́. Ọjọ́ méjì tó fún un.

Àwọn kan á ní, kó lè gba èrò tó pọ̀, ká kúkú fọ́ ètò wa sí wẹ́wẹ́ bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Prime Video, iléeṣẹ́ fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí í ṣe ti Amazon fúnra rẹ̀, kọ̀wé pé irú ètò wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ làwọn fi ń ṣọ́ bí àwòrán àti ohùn ṣe dáa sí. Kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó gbé lọ tó fi há. Wọ́n kó o padà sójú kan, ìnáwó sì fi ìdá 90 nínú 100 dín kù. Alátakò á ní, “Ẹ ò rí i pé wọ́n yí i padà!” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to àwọn ẹ̀yà ètò náà ni wọ́n yí, wọ́n sì tún púpọ̀ nínú kóòdù àtijọ́ lò. Wọn kò fọwọ́ kan orúkọ tàbí owó ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó wúwo jù ni ti Fred Brooks, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1975 pé ká múra láti da ètò àkọ́kọ́ nù, nítorí a óò dà á nù dandan. Ní 1995, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìmọ̀ràn yẹn kò tọ̀nà. Èmi gbà pé kóòdù ṣeé dà nù. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò ṣeé dà nù, níbẹ̀ sì ni ọjọ́ méjì wa yẹ kó lọ. Kí a wá kọ ìpinnu kọ̀ọ̀kan tó ṣòro yí padà sójú ìwé kan: ohun tí a yàn, ohun tí a fi sílẹ̀, àti iye èrò tí yóò mú ká tún un gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́dún kẹta kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń jiyàn.