Àpótí Ìmọ̀: Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Nígbà Àkọ́rọ̀ Òjò

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kógbá wọlé, tí oṣù Ẹrẹ́nà dé, tí àkọ́rọ̀ òjò sì fọwọ́ kan ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù ìlú olóbì títí dé Ìkẹ́nnẹ́, olúkúlùkù a gbé ọkọ́, a bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé; ṣùgbọ́n òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ó sì lè rọ̀ lónìí kí ó má tún yọjú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí a kọ́kọ́ tu ilẹ̀, kí a po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà mọ́ ọn, nítorí èyí tí ó ṣì tutù a máa jó gbòǹgbò. Ewédú ni alágídí inú ẹ̀fọ́: èèpo èso rẹ̀ le, ìdí nìyí tí a fi ń di í sínú aṣọ, tí a sì ń rì í bọ omi híhó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí a tó fọ́n ọn, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù fún un. Koríko iwájú ilé kò níṣòro, kí a má ṣáà gé e kanlẹ̀. Òdòdó inú ìkòkò ńkọ́? Ẹ dá ihò sí ìdí ìkòkò náà kí òjò tó le.