Sípíkà Mẹ́rin Kì í Fún Ańpílífáyà Nísinmi

Ìbéèrè: Mo máa ń rẹ́ǹtì ẹ̀rọ orin fáwọn tó ń ṣe ìnáwó ní Utako. Bí eré bá ti gbóná fún nǹkan bíi wákàtí kan, ańpílífáyà mi á kàn dákẹ́. Mo so sípíkà méjì kún méjì tó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè jọ pín ẹrù, ṣùgbọ́n ó burú sí i. Ohm 8 ni gbogbo wọn. Ṣé kí n ra ańpílífáyà tí wáàtì rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé sípíkà máa ń bá ańpílífáyà gbé ẹrù? Ohm kì í ṣe agbára. Ìdènà ni, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ará Jámánì kan, Georg Simon Ohm, ló tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1827, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Wo gáréèjì Utako yín. Bí géètì kan bá ṣí, díẹ̀díẹ̀ lọkọ̀ ń jáde. Ṣí mẹ́rin, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Géètì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan tí o so mọ́ apá kan náà lára ańpílífáyà. Ọ̀kan, ohm 8. Méjì, ohm 4. Mẹ́rin, ohm 2. Bí ańpílífáyà bá ń ti fólìtì 20 jáde, ámpíà 2.5 ló ń gba ohm 8 kọjá. Nínú ohm 2, ó di 10. Ooru ibẹ̀ ló mú kó panu mọ́ kó má baà jóná. Ó gbọ́n jù ọ́ lọ níbẹ̀, má bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé n kò lè kọ̀wé kí n má kan wáyà. Wáyà náà ní ìdènà tirẹ̀, ìdènà yẹn kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fa wáyà bàbà 1.5 mm², èyí tí wọ́n fi ń tan gílóòbù inú ilé, ní mítà 30 dé ìdí sípíkà: àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á tó ohm 0.7. Lórí ohm 8, kò burú. Lórí ohm 2 tìrẹ, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí ò ń sun epo jẹnẹrétọ̀ lé lórí tó ń ṣòfò sára wáyà. Ra 2.5 tàbí 4. Kí o sì fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ kí o tó sanwó, torí aluminium tí wọ́n fi bàbà bò lára pọ̀ lọ́jà, ìdènà rẹ̀ sì ju ti bàbà gidi lọ. Èyí tó tilẹ̀ dáa jù ni kí ańpílífáyà wà nítòsí sípíkà, kí wáyà má gùn rárá.

Bí o bá sì fi tester wọn ìdènà sípíkà ohm 8, tó sọ 6, má lọ bá ẹni tó tà á jà. Iná bátìrì ni tester ń lò. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ti orin, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti ka ohm 8 náà.

Ní ti ańpílífáyà, má tíì ra òmíràn. Bí o bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ló máa fi kún ariwo rẹ̀, etí kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Fi sípíkà méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì. Ohm 4 ni apá kọ̀ọ̀kan á rí. Bí wọ́n bá kọ ohm 8 nìkan sẹ́yìn ańpílífáyà, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan ti tó. Má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì tó ń pa apá méjèèjì pọ̀.

O kò kọ orúkọ ańpílífáyà náà sínú lẹ́tà rẹ, o kò sì sọ ohm tó kéré jù tí wọ́n ní kó gbà. Kọ wọ́n ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwọ̀n wáyà rẹ.