Ìwé Iná Kò Sanwó Ìjì

Ní Ọ̀ffà, àkọ́rọ̀ òjò kì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, páànù ilé kan á ṣí, á fò lọ sórí ilé aládùúgbò, òjò á sì wọlé bá bẹ́ẹ̀dì, àpò gàrí àti ìwé àwọn ọmọ. Olówó á pe káfíńtà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fi owó àjọ ọdún mẹ́wàá kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ ńkọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni adójútòfò wà fún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Ọ̀rọ̀ náà sọ ara rẹ̀: ohun tó ń dójú ti òfò.

Nígbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, bí iná bá jó ilé ẹnì kan, àdúgbò á jáde lọ́wẹ̀. Àwọn kan á gé igi, àwọn kan á pọn omi, wọn á sì bo ilé náà padà. Kò sẹ́ni tó mọ ilé tí iná yóò kàn lọ́la, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń jáde. Ọ̀wẹ̀ owó ni adójútòfò. Kì í ṣe èésú o. Nínú èésú, bó pẹ́ bó yá, owó yóò kàn yín. Nínú adójútòfò, bí òfò kò bá ṣe yín lọ́dún náà, owó yín ti lọ bá ẹni tí òfò ṣe. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ilé rẹ̀ kò jó ni kò pàdánù.

Adójútòfò ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò Royal Exchange Assurance ti ṣí ọ́fíìsì ní Èkó. Ohun tí onílé kékeré kì í sábà mọ̀ ni pé òfin adójútòfò ọdún 2003 ti ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ àwọn ilé tó gbọ́dọ̀ ní adójútòfò. Bí ẹ bá fi yàrá kan háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 tún tẹnu mọ́ irú dandan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Ìwé adójútòfò iná, iná àti àrá ló ń sanwó fún. Ìjì àti àgbàrá kò sí nínú rẹ̀ àfi tí ẹ bá ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi kún un, tí ẹ sì fi owó díẹ̀ lé e. Ẹ má sì retí owó fún páànù tó ti dípẹtà tàbí igi òrùlé tí ikán ti jẹ. Àìtọ́jú ni wọn yóò pe ìyẹn.

Ẹ má bu iye ilé kù. Ká sọ pé ₦4,000,000 ni yóò tún ilé kan kọ́, ṣùgbọ́n onílé ní ₦2,000,000 ni, kí owó ọdọọdún lè dínkù. Ìjì wá ba òrùlé ₦600,000 jẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà á ní, "Ìdajì ilé lẹ gbà á fún, ìdajì òfò la ó san." ₦300,000 ni yóò gbà. Ẹ má ka ilẹ̀ mọ́ ọn ṣá; ilẹ̀ kì í jó.

Òótọ́ náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ń fi gáàsì dín àkàrà nínú ilé, tàbí tí ẹ ń ta bẹntiróòlù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ òfò. Ẹ ya fọ́tò ilé náà, kí ẹ fi sí fóònù ọmọ tó ń gbé níbòmíràn.

Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ọwọ́ éjẹ́ǹtì. Ẹni tí kò tíì sanwó kò tíì ní ààbò, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Àjọ NAICOM ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, òun náà ló ń gba ẹ̀sùn bí wọ́n bá kọ̀ láti san ohun tó tọ́. Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé lè béèrè takaful, níbi tí owó ti jẹ́ ìrànwọ́ láàárín àwọn tó dá a.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ìwé adójútòfò. Ẹ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: FIRE ni iná, STORM ni ìjì, FLOOD ni àgbàrá. Bí ẹ bá rí FIRE tí ẹ kò rí STORM, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.