Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Yín Ti Wúwo Jù, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ibí. Mo ti ń wò yín bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá ti dé ní òpópónà Bode Thomas àti Adéníran Ògúnsànyà, ẹ̀yin náà nìyẹn: Honda Civic, Golf, Corolla Spọ́ọ̀tì, ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ sì ti gbé e ka orí ríìmù gbàǹgbà tó ń dán yanranyanran. Rọ́bà tó yí ríìmù náà ká kò ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí ẹ bá wá dé ibi kòtò, ẹ ó dúró, ẹ ó yí ọwọ́ síhìn-ín, ẹ ó yí i sọ́hùn-ún, ẹ ó máa yọ́ kọjá, onídáńfó yóò sì máa fun fèrè lẹ́yìn yín. Ṣé eré lẹ ra ọkọ̀ yẹn fún ni, àbí yíyọ́ rìn? Ẹ dá mi lóhùn.

N kò bá yín jà nítorí pé ẹ fẹ́ràn oge. Ọ̀dọ́ tí kò ṣe oge báyìí, ìgbà wo ni yóò ṣe é? Èmi tí ẹ ń wò yìí, táyà ni mo tà ní òpópónà Akérele títí irun mi fi funfun, mo sì mọ bí ọkọ̀ tó rẹwà ṣe ń mú orí ènìyàn wú. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó tí ẹ fi ń ba ìrìn ọkọ̀ yín jẹ́ ìbá ti tó láti mú un dára. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ẹ gbé ẹrù kílò méjì lérí, kí ẹ rìn láti ibùdókọ̀ Stadium dé Barracks. Lẹ́yìn náà, ẹ so kílò kan mọ́ bàtà ọ̀tún, kílò kan mọ́ ti òsì, kí ẹ tún ọ̀nà yẹn rìn. Kílò méjì náà ni, ṣùgbọ́n orúnkún yín ni yóò sọ ìyàtọ̀ fún yín. Bó ṣe rí fún ọkọ̀ nìyẹn. Orí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, ṣùgbọ́n ríìmù, táyà àti búréèkì wà nísàlẹ̀, àwọn ló ń kó sí kòtò tí wọ́n sì ń fò jáde. Bí wọ́n bá wúwo, ṣọ́ọ̀kì kì í rí wọn dá padà sílẹ̀ kíákíá. Táyà tí kò sì kan ilẹ̀, kò lè yí kọ́nà, kò lè dá ọkọ̀ dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, búréèkì ló sì ń dá wọn dúró. Bí ìwúwo bá ṣe jìnnà sí àárín tó ni yíyí rẹ̀ ṣe ń nira tó. Nítorí náà ni Civic tó ń fò bí ẹ ṣe rà á fi wá ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ wọ ríìmù 18 fún un, tí ẹ wá ń pe mẹkáníìkì pé kó wá yẹ púlọ́ọ̀gì wò.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú Civic ọdún 2006 sí 2011, torí ó pọ̀ ládùúgbò wa. Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, 195/65R15 ni Honda wọ̀ fún èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ó wọ 205/55R16 fún LX, ó sì wọ 215/45R17 fún Si, èyí tó yára jù nínú wọn. Ẹ kà á báyìí: 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. R sọ bí wọ́n ṣe hun inú rẹ̀, 15 sì ni íńṣì ríìmù. Bí ẹ bá ṣírò gíga àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ilẹ̀ dé òkè, ẹ ó bá nǹkan bíi 634, 632 àti 625 mìlímítà. Wọn kò jìnnà síra. Bí ríìmù ṣe ń tóbi ni rọ́bà ń dínkù, kí gíga má baà yí padà, torí ibi yíyí ẹsẹ̀ ni aago eré ti ń mọ bí ẹ ṣe ń sáré tó. Ẹni tó bá wọ táyà tó kéré jù tàbí tó tóbi jù, aago rẹ̀ yóò máa purọ́ fún un.

Ẹ wá wo rọ́bà yẹn dáadáa. Lórí 15, gíga rẹ̀ tó 127 mìlímítà. Lórí 16, 113. Lórí 17, 97. Lórí 225/40R18 tí ẹ ń sáré rà, 90 péré ló kù. Rọ́bà yẹn ni tìmùtìmù tó wà láàárín ríìmù yín àti kòtò. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tiwa ni Ìtìrẹ́, Lawanson, Àgúdà àti Ojúẹlẹ́gba, níbi tí omi òjò ti ń bo kòtò mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kì í rí i títí yóò fi já sínú rẹ̀. Bí táyà pẹlẹbẹ bá já sí irú ibẹ̀, etí kòtò yóò fún rọ́bà pọ̀ mọ́ ríìmù, okùn inú rẹ̀ yóò já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì yọ kókó. Tí rọ́bà bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ríìmù ni yóò tẹ̀. Àwọn tó kọ́ Si wọn fún títì tó tẹ́jú, wọ́n dúró lórí 17. Kí lẹ wá ń fi 18 wá ní Masha?

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ Ìjàpá ló gba ìlú kan. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ níbí, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ 15 ni Ìjàpá ń wọ̀, táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Peugeot 504 tó ń kó èrò ní Jìbówú lọ sókè ọ̀hún, 14 ni tirẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ga dáadáa. Kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí ọkọ̀ olówó ń yà ni wọ́n ń gbà kọjá. Nílé wa níbí la sì ti ń ṣe táyà nígbà náà: Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Láti ìgbà náà, orí omi ni táyà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Mo máa padà sí ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi dé ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń ra ríìmù. Ẹ ó bá ríìmù tó rí bíi TE37 tí iléeṣẹ́ RAYS ti Japan ń ṣe láti 1996. Ojúlówó rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ irin alumíníọ̀mù pọ̀ títí ó fi ki, nítorí náà ni kò fi nílò irin púpọ̀ kó tó lágbára. Ọ̀kan nínú àwọn íńṣì 15 rẹ̀ kò ju kílò 3.7 lọ, ibẹ̀ ni 37 orúkọ rẹ̀ ti wá. Ayédèrú rẹ̀ ni wọ́n kàn yọ́ irin dà sínú mọ́ọ̀dù, ó lè wúwo ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì fọ́ wẹ́wẹ́ nínú kòtò. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, òṣùwọ̀n ló lè dá wọn mọ̀. Ṣebí ẹ ní òṣùwọ̀n kékeré tí ẹ fi ń gbé àpò kọ́ kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú? Ẹ gbé e dání. Ẹ fi gbé ríìmù kọ́ lójú ọlọ́jà. Ẹ wá àmì JWL àti VIA lára rẹ̀, àmì àyẹ̀wò àwọn ará Japan ni, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi àmì nìkan gbọkàn lé e, torí ọwọ́ tó dà ríìmù lè da àmì. Ẹ yí inú rẹ̀ sókè sí oòrùn. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti jó o, tàbí ibi tí òòlù ti gún un padà, ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀. Ó lè ní, "Àwa la jó o, kò lè ṣe nǹkan kan." Ẹ ṣáà máa lọ.

Bí ó bá sì fúyẹ́ tó sì mọ́, ẹ rí i pé ó bá ọkọ̀ yín mu. Corolla 2003 sí 2008, ihò márùn-ún ló ní lórí òbìrípo 100 mìlímítà. Civic tí mo ń wí yìí àti àwọn Toyota mìíràn kan, 114.3 ni. Ẹ ó ní, "Àǹtí, wọ́n bára mu nìyẹn." Ẹ rọra. Ihò àárín ti Honda jẹ́ 64.1, ti àwọn Toyota yẹn jẹ́ 60.1, ríìmù ojúlówó Toyota kò lè wọ Honda láéláé. Ti Honda yóò wọ Toyota, ṣùgbọ́n àlàfo yóò wà láàárín, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lójú eré bí ẹ kò bá fi òrùka dí i. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni nọ́ọ̀tì. Ìdí nọ́ọ̀tì Honda rí roboto, ihò ọ̀pọ̀ ríìmù ọjà sì rí ṣóńṣó. Nọ́ọ̀tì yóò wọlé, yóò fún, ọkàn yín yóò balẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó dáadáa, yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra nọ́ọ̀tì tó bá ríìmù mu. Ẹ wọ ríìmù kan wò kí ẹ tó sanwó mẹ́rin, kó má máa ha búréèkì. Ẹ kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì yí ọwọ́ dé òpin, kó má máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ ṣe ìnáwó n'Íbàdàn.

Mo ní mo máa padà sórí táyà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n táyà ni ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ní àkísà rẹ̀. Òfin kọ̀ kí wọ́n máa kó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ sì ń rà á láti fi wọ ríìmù olówó gọbọi. Èyí tí wọ́n bá pè ní tuntun náà lè ti sùn nínú oòrùn fún ọdún pípẹ́. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹta 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, FRSC sì sọ pé táyà ọkọ̀ wọn bẹ́. Ìdílé mínísítà nìyẹn. Táyà kì í béèrè ipò ẹni.

Ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn ìwọ̀n pẹ̀lú: 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 615, 84 kò ju 500 lọ. Ẹ má ra èyí tó relẹ̀ sí tí ọkọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ti eré: H kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 210 ní wákàtí, V lè dé 240. Fífẹ̀ táyà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní oṣù Kẹfà àti Keje tí òjò ń rọ̀. Táyà fífẹ̀ máa ń léfòó lórí omi, èyí tó tín-ín-rín tí ìlà ara rẹ̀ sì jinlẹ̀ máa ń la omi kan ilẹ̀. Bí ìlà náà bá ti jẹ dé 1.6 mìlímítà, níbi tí òkè kéékèèké inú rẹ̀ ti hàn, ó ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin lẹ sọ Accord 2003 ní "End of Discussion", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ bọ̀wọ̀ fún fọ́kanáísà yín, kí ẹ sì ní gééjì tiyín. Ìwé kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sọ iye afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́. Òwúrọ̀ tí táyà tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki páìpù gígùn bọ sípánà láti fún nọ́ọ̀tì yín, bóòtù ni yóò fi dá.

Ètò owó yín nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ra táyà mẹ́rin tó tuntun lóòótọ́, 195/65R15 tàbí 205/55R16, bí ti ọkọ̀ yín bá ṣe rí. Ẹ tún ṣọ́ọ̀kì àti búṣì ṣe, kí wọ́n sì to ẹsẹ̀ rẹ̀ gún. Owó tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi wá ríìmù 15 tàbí 16 tó fúyẹ́, tí òṣùwọ̀n jẹ́rìí sí. Bí owó kò bá tó ríìmù, ẹ kun èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ́dà dúdú, ó ń fani mọ́ra. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lára táyà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ka ti èyí tó wà ní búùtù. Èyí tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rin, owó ríìmù tí ẹ ń kó jọ ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.