Nígbà Tí Ínsúlíìnì Bá Pọ̀ Jù Lára Ọmọ Tuntun

Gbogbo wa la mọ àtọ̀gbẹ, àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa lónìí: àìsàn àbímọ́ni tó ń mú kí ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun.

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni ẹ̀yà ara tí à ń pè ní páńkíríà wà nínú ikùn. Ní 1869, Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní ìlú Berlin, rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣù jọ káàkiri inú rẹ̀ bí erékùṣù láàárín omi. Inú wọn ni sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà wà, èyí tó ń ṣe ínsúlíìnì. Ínsúlíìnì ló ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà. Bí ṣúgà bá pọ̀, ilẹ̀kùn á tì, ínsúlíìnì á jáde. Bí ṣúgà bá dín kù, ilẹ̀kùn á ṣí, ínsúlíìnì á dáwọ́ dúró. Ní 1995, àwọn onímọ̀ rí àbùkù lára jíìnì kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn yìí nínú àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà. Ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́: ebi ń pa ọmọ, ínsúlíìnì kò dákẹ́.

Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Bó bá tán, ara a máa yọ́ ọ̀rá láti fi bọ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n àpọ̀jù ínsúlíìnì kì í gbà fún un. Ọmọ á máa gbọ̀n, kò ní lè mu ọmú dáadáa, gìrì sì lè mú un. Bí ìtọ́jú bá pẹ́, ọpọlọ lè bàjẹ́ títí ayé.

Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Nínú èkíní, ojú kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù. Ìyókù páńkíríà dára. Nínú èkejì, àìsàn náà kárí gbogbo rẹ̀, kóró inú àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà kan á sì tóbi ju bó ti yẹ lọ. Lójú lásán, ọmọ méjèèjì jọra. Bí oògùn bíi diazoxide kò bá ràn án, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ti èkíní, bí wọ́n bá gé ojú kan yẹn kúrò, ọmọ lè gbádùn pátápátá. Ti èkejì, wọ́n lè gé páńkíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àtọ̀gbẹ sì lè tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara kí abẹ tó kan ọmọ.

Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kàn wá. Nílé wa, bí gìrì bá mú ọmọ, àwọn kan a máa fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Àwọn oníwádìí ní Nàìjíríà ti rí i pé àgbo yìí gan-an ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ṣúgà ti tán lára rẹ̀ la tún ń gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀!

Kì í ṣe gbogbo gìrì ló ti ọ̀dọ̀ ṣúgà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó láti fi mọ̀. Bí ẹ bá délé fún ìsinmi, ẹ sọ fún àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa: bí gìrì bá mú ọmọ, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì ní kí dókítà yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.